Owó-Orí Lọ́wọ́ Ṣọ́jà

Àlùbọ́sà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Àlùbọ́sà tí a rẹ́ sínú ìkòkò kan tí ọmọ kékeré lè wẹ̀ nínú rẹ̀, ní àárọ̀ Sátidé kan tí òtútù ń ta èèyàn létí, nínú àgọ́ tí àwa alásè àwọn ṣọ́jà pa sẹ́bàá igbó kan ní apá òkè Toronto. Ìgbakọ já bọ́ lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń rò ó, mo sì ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé òtútù ni. Irọ́ ni mò ń pa. Sájẹ́ǹtì wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo lẹ́yìn mi pé ta ló gbé ìdérí ìkòkò yìí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa nígbà náà, mo ní ìyàwó, mo bí ọmọ, irun funfun ti ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ etí mi, síbẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà ṣọ́jà bá gbé ohùn sókè, ojú mi á kọ́kọ́ máa wá ọ̀nà igbó kí n tó rántí pé bàtà ṣọ́jà wà lẹ́sẹ̀ tèmi náà.

Kí ẹ má baà rò pé ògbójú ogun ni mí: mi ò gbé inú bárékè rí. Ilé-ìkẹ́rù ńlá kan ní Milton, ìlú kan lẹ́bàá Toronto, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mò ń fi ọkọ̀ kékeré kan gbé ẹrù láti orí pẹpẹ kan sí òmíràn. Iṣẹ́ ṣọ́jà tèmi kò ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù lọ. Irú wa pọ̀ ní Kánádà: tíṣà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọmọ yunifásítì, tí wọ́n á bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, tí wọ́n á wọ ti ológun, tí wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà, tí wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ Àìkú lọ fọ aṣọ ọmọ wọn. Iye ọjọ́ tí o bá wá ni wọ́n máa sanwó rẹ̀ fún ọ. Inú bọ́ọ̀sì kan ní Rexdale, àdúgbò tí à ń gbé, ni mo ti rí àwòrán ìpolówó wọn pé wọ́n ń wá alásè. Mo kàn lọ wò ó bí ẹni ń ṣeré ni, torí mo gbà pé wọ́n á wo irun mi, wọ́n á sì ní kí n máa lọ. Wọn ò lé mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ ológun láti òkè délẹ̀ fún mi ní àga, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò sí ẹni tó wọ irú aṣọ yẹn tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ohun méjì ló máa ń lé ọkùnrin wọ igbó ní ìlú wa nígbà tí mo wà ní kékeré: agbowó-orí àti ṣọ́jà. Bí wọ́n bá ti gbúròó pé àwọn agbowó-orí ń bọ̀, bàbá mi á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko, wọ́n á sì fi èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí n máa sọ fún ẹni tó bá dé pé ó ti lọ sí Ìbàdàn. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú dé ibi pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá kí wa lọ́jọ́ kan, tí bàbá mi jókòó lẹ́yìn mi gan-an tó ń jẹ ẹ̀kọ, mo sọ fún un pé Ìbàdàn ni wọ́n lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn agbowó-orí náà na igi dá ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ìwé owó-orí lọ́wọ́ ọkùnrin tó bá ń kọjá. Ṣọ́jà kan gun alùpùpù dé. Ọ̀kan nínú wọn tí kò wo iwájú wo ẹ̀yìn ní kí òun náà mú ìwé rẹ̀ wá. Ṣọ́jà yẹn rọra sọ̀ kalẹ̀, ó rọra gbé alùpùpù rẹ̀ dúró, ó sì ní kí gbogbo wọn máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ síwá sẹ́yìn, títí síńgílẹ́ẹ̀tì wọn fi di àwọ̀ ilẹ̀. Mi ò ka ilé ìwé gíráámà parí, mo sì ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò kúrò lórí mi: kò sí ẹni tó ń gba owó-orí lọ́wọ́ ṣọ́jà.

Ẹ wá wo ìdùnnú mi nígbà tí owó ṣọ́jà àkọ́kọ́ wọ báńkì mi. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mò ń wò ó lórí fóònù bí ẹni ń wo àwòrán ìyàwó tuntun. Mo gbé fìlà ṣọ́jà mi sí iwájú ọkọ̀, lábẹ́ gíláàsì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé kí ọlọ́pàá má baà yọ èèyàn lẹ́nu. Ọlọ́pàá kan dá mi dúró ní Etobicoke nítorí eré àsápajúdé. Ó wo fìlà náà, ó bi mí pé ikọ̀ wo ni mo wà, ó kí mi kú iṣẹ́ ìlú, ó sì kọ ìwé ìtanràn fún mi. Ó yẹ kí n ti gbọ́n lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi wá sí Kánádà. Òun ló san owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé rẹ̀ la kọ́kọ́ sùn, òun ló sì wá iṣẹ́ ilé-ìkẹ́rù fún mi. Ó kàwé dáadáa, ó ra ilé tuntun sí Milton, gbogbo ẹbí ló sì máa ń kó ìwé owó-orí wọn lọ bá a nígbà tí yìnyín bá ń yọ́. Ọjọ́ Sátidé kan là ń yà sọ́tọ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ á se ìrẹsì, àwọn ọmọ á máa sáré lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí dókítà, a ó sì máa wọlé lọ bá a níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo gbé ìwé ilé-ìkẹ́rù àti ìwé owó ṣọ́jà síwájú rẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé ti ṣọ́jà sókè. Ó ní owó ológun lèyí, ìjọba kankan kì í gba owó-orí lọ́wọ́ ọmọ ogun ara rẹ̀, àti pé bí a bá kọ ọ́ sí i, wọ́n á kàn fi wá rẹ́rìn-ín. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo tilẹ̀ sọ ìtàn ṣọ́jà alálùpùpù fún wọn, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi nìkan ló béèrè bóyá kò ní dáa ká bi ẹnìkan léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹni tó kàn wọlé. Wọ́n gbé ìrẹsì wá.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn rí owó kan tí iléeṣẹ́ ológun san fún mi, tí èmi kò fi han àwọn. Owó-orí rẹ̀ rèé, èlé rẹ̀ rèé. Ó ju rẹ́ǹtì oṣù wa lọ. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà. Láti ọjọ́ náà, èmi tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn wá di ẹni tó ń yọ́ rìn nínú ilé ara rẹ̀. Kí n tó jáde, mo máa ń yọjú lójú fèrèsé wo ìsàlẹ̀, bóyá ọkọ̀ agbowó-orí wà níbẹ̀, bí ẹni pé mo mọ bí ọkọ̀ agbowó-orí Kánádà ṣe rí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì sáré wọ yàrá, mo ní kí ọmọ mi obìnrin sọ fún wọn pé mo ti lọ sí Ìbàdàn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Daddy, it's just the pizza guy,” ó wí, ó sì lọ gba oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé wá.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ti ẹ̀rín wá ní tirẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní òun ti ronú gbogbo rẹ̀. Kí n fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀ kíá. Lẹ́yìn náà, òun, pásítọ̀ wa àti alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa yóò tẹ̀ lé mi lọ sí ọ́fíìsì owó-orí lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí onílé bá bínú, bí àna bá bínú, bí ọ̀gá bá fẹ́ lé èèyàn níṣẹ́, àwọn àgbà la máa ń kó lọ. Wọ́n á ní púrúǹtù ni mí, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì ti kúrò nínú iṣẹ́ tó kó bá mi. Ohun kan ṣoṣo tí a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ níbẹ̀ ni ẹni tó bá mi ṣe ìwé owó-orí náà. Ìgbà tó sọ ìyẹn ni mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò rí i kó bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí, ń bẹ̀rù.

Mo ní mo gbọ́, sà. Mi ò tíì sọ pé rárá fún un rí láyé mi. Ṣùgbọ́n kí n fi àgọ́ yẹn sílẹ̀ dùn mí ju gbèsè náà lọ. Ní ilé-ìkẹ́rù, bí mo bá ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bí ẹrù bá ṣubú nìkan ni wọ́n máa ń rántí orúkọ mi. Nínú àgọ́, bí mo bá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, àwọn èèyàn tí òtútù ti lù bolẹ̀ á tò síwájú mi, wọ́n á máa bi mí pé kí ni mo fi sí i tó fi ń ta báyìí, wọ́n á sì tún padà wá bù ú.

Ni mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Mo ní kí àwọn àgbà tó lọ tẹríba fún wọn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ fi ojú ṣọ́jà hàn wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n wá sí ọ́fíìsì náà, mo wọ aṣọ ológun mi pátá, mo kun bàtà títí ó fi ń dán. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí.

“Ṣé wọ́n ti kéde ogun ni?”

“Jẹ́ kí wọ́n rí mi báyìí ná.”

“Wọ́n á rí yín. Ẹ mú káàdì báńkì dání o.”

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà rí mi, ó nàró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mò ń sin ìlú. Orí mi wú. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní bébà pélébé tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ó sì tọ́ka sí àwọn àga ike. Mo jókòó láàárín àwọn ìyá tó gbé ọmọ àti àwọn ọkùnrin tí ọ̀dà gbẹ mọ́ lára, gbogbo wọn ń wò mí. Mo gbójú sókè. Ìgbà náà ni mo rí ọkùnrin kan tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, tó kó ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń ra ọjà. Ọ̀gá ikọ̀ wa ni. Ọkùnrin tí sájẹ́ǹtì tó ń já mi láyà máa ń dúró gbọnin fún. Tíṣà ni lọ́jọ́ iṣẹ́, gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ronú rí pé ibì kan wà tí irú rẹ̀ ti ń gba nọ́ńbà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fò dìde, mo ti dúró ṣánṣán, mo sì ti kí i ní kíkí ológun láàárín gbọ̀ngàn owó-orí. Ọmọ kan pàtẹ́wọ́.

Ó ní kí n jókòó, jọ̀ọ́. Ó wo aṣọ mi, ó sì rọra bi mí pé ayẹyẹ wo là ń ṣe lónìí tí òun ò gbọ́.

“Kò sí, sà,” mo wí. “Mo rò pé tí wọ́n bá rí aṣọ yìí, ẹ̀rù á bà wọ́n ni.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo gbogbo gbọ̀ngàn náà yí ká, ó wo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ni wọ́n á bẹ̀rù?” ó wí. “Èmi náà jẹ wọ́n lówó.”

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Owó tí a ń gbà fún ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ wa kéré, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ nínú rẹ̀ fún owó-orí, bí ẹni pé òun nìkan ni èèyàn ń gbà. Tí ọdún bá parí, ìjọba á pa á pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ wa yòókù, ohun tó kù láti san á sì yọjú. Ó ní ọ̀pọ̀ ṣọ́jà irú wa ló ń bá ara wọn níbẹ̀. Kí n lọ bá akọ̀wé tó ń sanwó fún wa, kí n ní kó máa yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú tèmi láti ìsinsìnyí. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé aṣọ yẹn kọ́ là ń wọ̀ lọ rí agbowó-orí, àti pé bí òun bá tún rí mi bẹ́ẹ̀, èmi ni n ó máa fọ gbogbo ìkòkò àgọ́ títí oòrùn ọdún tó ń bọ̀ á fi ràn. Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Ojú kọ́kọ́ tì mí lórí àga ike yẹn. Lẹ́yìn ìtìjú, inú wá ń bí mi díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe sí ìjọba. Ọkùnrin yẹn jẹ gbèsè, ó ti wá san án, kò sì sí ẹni tó ní kó bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò kó pásítọ̀ dání. Kò ní púrúǹtù ni òun. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì dúpẹ́ pé mò ń sin ìlú, ó pín gbèsè mi sí oṣooṣù, ó gba nọ́ńbà báńkì mi, ó sì ní ó dàbọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè. Ẹ̀rù tí mo ti ń rù kiri láti kékeré, wọ́n fi tẹ̀rín-tọ̀yàyà gba owó lórí rẹ̀, wọ́n sì pe ẹni tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí n wá sí Milton. Mo bá pásítọ̀ àti alága ẹgbẹ́ ìlú wa lórí àga, wọ́n ti múra ẹ̀bẹ̀, ẹran ti wà níwájú wọn. Mo sọ fún wọn pé mo ti lọ, mo ti bá wọn ṣe àdéhùn, mo ti ń san án. Mo rò pé inú wọn á dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí náà ló yẹ ká yanjú. Ó gbé ìwé kan tó ti tẹ̀ sílẹ̀ síwájú mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, àti pé mi ò kàwé tó láti mọ òfin owó-orí. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Fọwọ́ sí i, kí àwọn bàbá yìí lè máa lọ.”

Mo rọra ti ìwé náà padà síwájú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò ní fọwọ́ sí i.”

“O ò ní kí ni?”

“Mi ò ní fọwọ́ sí i, sà.”

Ó yíjú sí pásítọ̀. “Ẹ bá mi bi í, kí ni wọ́n ń fún un níbẹ̀ gan-an? Tí ìjọba bá ti mú tiwọn kúrò, kí ló ń kù fún ṣọ́jà ìdáná? Owó àlùbọ́sà.”

“Owó àlùbọ́sà ni lóòótọ́,” mo wí. “Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.”

“Wọ́n á máa tú ìwé gbogbo wa wò nítorí rẹ.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u. Tèmi ti wà lórí tábìlì wọn.”

“Èmi tí mo mú ọ wá sí ìlú yìí ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

“Mo mọ̀, sà. Títí n ó fi kú ni n ó máa dúpẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe púrúǹtù ló fi owó yẹn sílẹ̀ láìkọ. Mo gbé ìwé rẹ̀ wá síwájú yín, nínú ilé yìí.”

Pásítọ̀ rí eegun kan nínú àwo rẹ̀ tó gba àfiyèsí púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní bí mo bá jáde nílé yẹn láìfọwọ́ sí i, kí n má gbé ìwé owó-orí kankan wá bá òun mọ́.

“Ẹ ṣé, sà,” mo wí.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹnu mi ló yọ. Ikọ́ gbé alága ẹgbẹ́ ìlú wa, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà mi kan ilẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo wà níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ bóyá ó máa ní kí n dìde. Kò sọ ọ́. Mo dá dìde fúnra mi. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì débi pé ìyàwó rẹ̀ ló bá mi tún un wọ̀, tó sì di okùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì jáde bọ́ sínú yìnyín láìfọwọ́ sí nǹkan kan.

Láti ìgbà náà, èmi àti ìyàwó mi là ń ṣe é lórí tábìlì ìjẹun wa ní Rexdale. Òun ń tẹ̀, èmi ń pe nọ́ńbà, ọmọ wa ń fi èdè òyìnbó bá wa wí. Owó ṣọ́jà là ń kọ́kọ́ kọ sí i. Akọ̀wé owó ń yọ nínú tèmi dáadáa débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ní ọ̀fẹ́ ni mo fi ń sè. Ó pẹ́ gan-an kí ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi sọ ju kíkí lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí, bó bá rí mi láàárín àwọn èèyàn, á ní, “Ṣọ́jà, ṣé wọ́n ti gba tiwọn?” Èmi á ní, “Wọ́n ti gbà á, sà. Wọ́n kí yín.” Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kì í béèrè.

Ẹ má rò pé mo ti di akin. Bí àpòòwé ìjọba bá wọlé, mo ṣì máa ń gbé e sórí fìríìjì fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó ní agbára láti ya á. Bí sájẹ́ǹtì tuntun wa, ọmọdé tí mo lè bí, bá gbé ohùn sókè, ojú mi ṣì ń wá ọ̀nà igbó. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀ n ó pé ọgọ́ta ọdún, òfin wọn sì ni pé ṣọ́jà tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ sílẹ̀. Wọ́n ti bi mí ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sè fún mi lọ́jọ́ náà, mo ní èmi ni n ó sè é. N ó dá bàtà wọn padà, n ó fọ ìkòkò mi, n ó sì wa ọkọ̀ mi lọ sílé. Nígbà míì tí mo bá ń wa ọkọ̀ láti Milton bọ̀, mo máa ń rò ó pé ọjọ́ orí nìkan ló rí mi mú kúrò nínú àgọ́ yẹn. Gbogbo ohun yòókù tó gbìyànjú rẹ̀, mo san tiwọn fún wọn, mo sì dúró.